Iwájú ìwé ìròyìn fújì wa ti kún jù: kí la máa yọ, kí la máa fi sílẹ̀?

ỌmọMápó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Àwa ọ̀dọ́ mélòó kan tó fẹ́ràn fújì ní Ìbàdàn la fẹ́ máa gbé ìwé ìròyìn kan jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ Fújì la pè é. A4 ni, ojú ìwé 32, Ṣómólú la ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ohun tó máa wà nínú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, iwájú ìwé ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Ohun tí dìsáínà wa gbé wá rèé: olórin tá a fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò wà láàárín, orí olórin mẹ́fà mìíràn yí i ká. Orúkọ ìwé wà lókè, iná ń jáde lára lẹ́tà rẹ̀. Àkọlé mọ́kànlá ló wà lọ́tùn-ún lósì, nọ́ńbà fóònù mẹ́rin nísàlẹ̀, lógò àwọn tó fún wa lówó, àti fọ́tò alága wa nínú róbótó kékeré kan. Alága ní ẹni tó bá yọ fọ́tò òun, kó yọ owó òun náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà wá nímọ̀ràn.

Bàbá_Corel
O káre, ọmọ mi. Kọ́kọ́ bi ara rẹ léèrè: níbo lẹni tó máa ra ìwé yìí máa wà nígbà tó bá kọ́kọ́ rí i? Bó bá jẹ́ lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀ ní Mọ́kọ́lá tàbí Dùgbẹ̀ ni, o mọ̀ pé àwọn tó ń ka àkọlé lọ́fẹ̀ẹ́ á ti yí tábìlì ká láti àárọ̀. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ á kàn yọjú láti ẹ̀yìn wọn ni, ọkọ̀ ló sì ń dúró dè. Bí ojú rẹ̀ ò bá rí nǹkan kan gbá mú kíá, ó ti lọ nìyẹn.

Dán an wò báyìí. Fi èèpo náà, ìyẹn iwájú ìwé, ránṣẹ́ sí ara rẹ lórí WhatsApp, má ṣí i, kàn wò ó ní kékeré tó wà yẹn. Bí o kò bá lè sọ orúkọ ìwé àti ẹni tó wà níbẹ̀, ó ti kún jù. Lẹ́yìn náà, tẹ ẹyọ kan jáde, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kí o lọ dúró ní òdìkejì yàrá.

Ojú ẹnì kan ṣoṣo ni kó tóbi, kó sì kọjú sí kámẹ́rà. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Wo Rolling Stone, ìwé ìròyìn orin ti Amẹ́ríkà: ẹ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní San Francisco ní ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1967, fọ́tò John Lennon, olórin Beatles, ni wọ́n fi síwájú. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù kìíní ọdún 1981, Lennon náà ni wọ́n tún gbé jáde, òun àti Yoko Ono ìyàwó rẹ̀. Annie Leibovitz ló ya fọ́tò yẹn, ọjọ́ tó yà á gan-an, 8 oṣù kejìlá ọdún 1980, ni wọ́n pa Lennon. Orúkọ ìwé àti fọ́tò ni wọ́n gbé síta, wọn ò kọ àkọlé kankan sí i. Ní 2005, ẹgbẹ́ àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà ní òun ni èèpo tó dára jù lọ nínú 40 ọdún tó ṣáájú.

Ṣùgbọ́n má lọ ṣe irú ẹ̀ o! Gbogbo ayé ló ti gbọ́ ikú Lennon kí ìwé yẹn tó dórí àtẹ. Ẹ̀yin ò tíì lórúkọ, ẹ nílò àkọlé. Mẹ́rin ti tó.

Àgbà_Òde_Àríyá
Bàbá Corel, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n fújì kì í ṣe orin òyìnbó. Ẹ wo póstà òde àríyá wa láti ayé Barrister àti Kollington: gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lórí rẹ̀ pátá. Orí kọ̀ọ̀kan ló ń fa àwọn èèyàn tirẹ̀ wá. Ẹ gbé Pasuma nìkan síwájú, ọmọ ẹ̀yìn Òṣùpá á ní ìwé àwọn yẹn nìyẹn. Ẹ gbé Òṣùpá nìkan, ibì kan náà lẹ máa já sí. Kí ló dé tí ẹ máa fi lé oníbàárà?

Ẹ tún rántí èèpo rẹ́kọ́ọ̀dù Fela tí Lemi Ghariokwu yà. Nǹkan kún inú wọn fọ́fọ́: èèyàn, ọlọ́pàá, ilé, ọkọ̀. Ta ló sọ pé wọn ò dára?

Bàbá_Corel
Àgbà, ẹ ti mú mi níbi tó dùn mọ́ mi. Ẹ jẹ́ ká wo Alagbon Close ti 1974, ọ̀kan nínú èyí tí Lemi kọ́kọ́ yà fún Fela. Lóòótọ́, ọkọ̀ ojú omi àwọn ọlọ́pàá ń dojú dé, ẹja ńlá wà níbẹ̀, Kalakuta, ilé Fela, náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló tóbi jù? Fela. Ó ń jó, ẹ̀wọ̀n tó já wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹ rí i kí ẹ tó rí ohunkóhun mìíràn. Ó kún, àmọ́ ó ní olórí.

Ohun kejì ni pé ínǹṣì 12 níbùú lóròó ni èèpo rẹ́kọ́ọ̀dù. Èèyàn á gbé e lé itan, á máa wò ó bí orin ṣe ń lọ, á rí ohun tuntun nígbà tí wọ́n bá yí rẹ́kọ́ọ̀dù sí ojú kejì. Ta ló ń fún ìwé ìròyìn lórí àtẹ nírú àkókò yẹn? Ti póstà, ó fẹ́ kí ẹ mọ ẹni tó ń bọ̀ lóde ni. Ìwé ìròyìn fẹ́ kí ẹ ná owó kí ẹ tó mọ ohun tó wà nínú.

Àǹtí_Peckham
Ẹ̀yin bọ̀dá mi, ẹ má jà. London ni mo wà. Ọmọ mi ṣe iṣẹ́ yìí níléèwé, nínú ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní Media Studies. Wọ́n ní kí wọ́n ṣe èèpo ìwé ìròyìn orin tuntun, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ tú àwọn tó wà nílẹ̀ wò. Tábìlì oúnjẹ mi kún fún ìwé ògbólógbòó, èmi náà bá a wò ó títí ó fi wọ̀ mí lára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín méjèèjì ti pàdé nìyí: ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sókè pátápátá, lórí orúkọ ìwé, tàbí sísàlẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó orúkọ àwọn olórin yòókù sí, nígbà mìíràn pẹ̀lú fọ́tò kéékèèké. Ẹnì kan á gba àárín, àwọn yòókù á wà lórí ìlà yẹn. Ọmọ ẹ̀yìn Òṣùpá á rí Òṣùpá, ìwé ò sì ní di póstà.

Èkejì ni pé o gbọ́dọ̀ lè dá ìwé mọ̀ kí o tó ka orúkọ rẹ̀. Q, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1986 tó sì kógbá sílé ní 2020, lẹ́tà funfun kan nínú àpótí pupa ni wọ́n fi ń dá a mọ̀. Kerrang! ti 1981, ti àwọn onírọ́ọ̀kì, lẹ́tà rẹ̀ dà bí gíláàsì tí wọ́n sọ òkò lù, ariwo gìtá ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Smash Hits, tó kógbá sílé ní 2006, wà fún àwọn ọ̀dọ́langba nígbà náà, àwọ̀ rẹ̀ ń kọ mànà, ó sì máa ń tẹ ọ̀rọ̀ inú orin jáde kí wọ́n lè kọ ọ́. Mojo ń tajà fún àwọn tó ti dàgbà, olórin àtijọ́ ló pọ̀ níwájú rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ò sì pariwo tó bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó mú àwọ̀ kankan, ẹ sọ ẹni tó máa rà á fún wa ná. Ọmọ ogún ọdún tó ń gbọ́ fújì lórí fóònù ni, àbí bàbá tó ní káàsẹ́ẹ̀tì Barrister nílé?

Ohun kan tún wà. Nílé ìtajà níhìn-ín, wọ́n máa ń to ìwé lé ara wọn, apá òsì nìkan ló ń yọ síta. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kó àkọlé tó ṣe pàtàkì sápá òsì. Ti yín lọ́dọ̀ fẹ́ńdọ̀ ńkọ́? Mo rántí pé wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni, wọ́n á fi òkúta lé e.

ỌmọMápó
Ẹ ṣé gan-an, àǹtí. Òótọ́ ni, wọ́n ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì, àwọn mìíràn ń fi pẹ́ẹ̀gì kọ́ ọ sórí okùn. Àwọn bàbá tó ní káàsẹ́ẹ̀tì náà la ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n àwa fúnra wa kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún.

Àǹtí_Peckham
Ẹ mú ẹgbẹ́ kan. Ìwé tó bá fẹ́ tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn kì í rí ẹni gbé e délé.

OníKámẹ́rà_Agége
Ẹ jẹ́ n sọ ti fọ́tò, nítorí ọ̀pọ̀ dìsáínà ló ń jìyà ohun tí oníkámẹ́rà ti bà jẹ́.

Olórin fújì á wọ agbádá wá. Agbádá fẹ̀, bébà A4 sì ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Bí ẹ bá yà á láti orí dé ẹsẹ̀, aṣọ lẹ máa tà, ojú á kéré bí ojú tó wà lórí káàdì ìdánimọ̀. Ẹ gé e láti àyà sókè. Kí ó ká apá agbádá lé èjìká, kí ọwọ́ kan máa ṣe nǹkan: kó di gbohùngbohùn mú, kó na ìka, kó fọwọ́ kan fìlà.

Ẹ wo fìlà yẹn dáadáa. Bó bá jẹ́ abetí ajá, etí rẹ̀ á gbòòrò, ṣóńṣó orí rẹ̀ á sì wọ inú orúkọ ìwé lọ. Àwọn ìwé ńlá máa ń jẹ́ kí orí olórin bo lẹ́tà kan tàbí méjì nínú orúkọ wọn, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ wọ́n. Ẹ̀dà àkọ́kọ́ yín ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àyè sílẹ̀ lókè orí nígbà tí ẹ bá ń yà á, ìdá kan nínú mẹ́rin fọ́tò ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún orúkọ ìwé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní láti jẹ́ àwọ̀ kan, láìsí kọ́tínì olódòdó. Bí ó bá wọ léèsì funfun, ẹ má yìnbọn fíláàṣì sí i lójúkojú, gbogbo iṣẹ́ ara léèsì yẹn á pòórá. Ẹ gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ fi pátákó funfun dá iná díẹ̀ padà sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Awọ dúdú nílò kí iná tàn lára rẹ̀, kí ó máa dán níbi ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti iwájú orí. Kì í ṣe kí ẹ wá fi Photoshop sọ ọ́ di pupa o.

Ẹ má sì lọ wá fọ́tò lórí Instagram. Ẹni tó ya fọ́tò ló ni ín, kódà bí ojú olórin bá wà níbẹ̀. Ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àgbà_Òde_Àríyá
Ti fìlà yẹn, ẹ sọ òótọ́. Ti ìlà òkè tí Àǹtí Peckham sọ, mo gbà á. Ṣùgbọ́n kí orúkọ wọn tóbi dáadáa o, ẹ má fi ṣe lẹ́tà èèrà.

Àmì_Lórí_Àmì
Mo ti ń retí kí ẹnì kan mẹ́nu kan lẹ́tà. Iná tó ń jáde lára lẹ́tà yẹn, ẹ paná rẹ̀ lónìí.

Orúkọ yín ní Ọ lẹ́ẹ̀mejì, àmì ohùn wà lórí rẹ̀, dọ́ọ̀tì sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fọ́ǹtì aláràbarà tí àwọn dìsáínà ń gbé kiri ò ní wọn. Ẹ máa rí àpótí òfìfo, tàbí kí kọ̀ǹpútà lọ yá Ọ láti inú fọ́ǹtì mìíràn tó tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kí àmì náà sún sí ọ̀tún kó lọ gúnlẹ̀ sórí R. Kí ẹ tó fẹ́ràn fọ́ǹtì kankan, ẹ tẹ èyí sínú rẹ̀: Ẹ̀ Ẹ́ Ọ̀ Ọ́ Ṣ. Bí ó bá kọsẹ̀, ẹ kọ̀ ọ́. Noto Sans, Gentium, Charis SIL àti Andika kì í já èèyàn kulẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Ẹ lo Noto tó ki fún àwọn àkọlé.

Fún orúkọ ìwé fúnra rẹ̀, ẹ lè mú fọ́ǹtì tó wù yín, kí ẹ fọwọ́ ya àmì àti dọ́ọ̀tì sí i nínú CorelDRAW, ètò kọ̀ǹpútà tí dìsáínà fi ń yàwòrán, kí ẹ so wọ́n pọ̀ mọ́ lẹ́tà. Kí dọ́ọ̀tì náà ki bí lẹ́tà ṣe ki. Tí ẹ bá parí, ẹ yí gbogbo rẹ̀ sí curves, ìyẹn kí lẹ́tà di àwòrán, kí ó má bàa yí padà lórí kọ̀ǹpútà àwọn atẹ̀wé.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ jù ni ìlà méjì tí gbogbo lẹ́tà wọn jẹ́ ńlá. Ẹ wo ÒṢÙPÁ lórí ìlà kan, kí ÀYÌNDÉ wà lábẹ́ rẹ̀. Dọ́ọ̀tì abẹ́ Ṣ ń sọ̀ kalẹ̀, àmì orí Ì ń gòkè bọ̀, wọ́n á kọlura. Ẹ fi àyè sáàrin ìlà, tàbí kí ẹ lo lẹ́tà kékeré. Ẹ̀dá tó bá ní kí ẹ kúkú yọ àmì kúrò kí ó lè “mọ́”, ẹ má dá a lóhùn.

Bí mo ṣe wo orúkọ yín sí: ẹ jẹ́ kí FÚJÌ gba ìbú ìwé látòpin dé òpin, kí Ọ̀rọ̀ wà ní kékeré lókè F. Fújì ni ẹni tó ń kọjá ń wá.

Kẹ́míst_orin
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò sí ẹni tó lè ṣe wèrè díẹ̀ ni? Ray Gun, ìwé ìròyìn orin Amẹ́ríkà yẹn, ńkọ́? David Carson, dìsáínà rẹ̀, fọ́n lẹ́tà káàkiri, èèyàn sì rà á.

Àmì_Lórí_Àmì
Carson kan náà yẹn ló fi Zapf Dingbats, àwọn àmì tí kò ṣeé kà rárá, to gbogbo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò kan pẹ̀lú olórin Bryan Ferry, nítorí ó ní kò dùn ún kà. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé rẹ̀ mọ̀ pé wèrè ni wọ́n wá rà. Bàbá oníkáàsẹ́ẹ̀tì ní Ọjà Ọba á rò pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bàjẹ́ ni.

Ṣómólú_Press_Boy
Ẹ kú ìjókòó o, èmi ni wọ́n máa gbé fáìlì burúkú wá bá nígbà tí ẹ bá jà tán.

Iwọ̀n kọ́kọ́. A4 jẹ́ mílímítà 210 sí 297. Ẹ fi mílímítà 3 kún un ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kó di 216 sí 303, kí ìlà funfun má bàa yọ létí bí ọ̀bẹ bá yẹ̀ díẹ̀. Lẹ́tà ò gbọdọ̀ sún mọ́ etí. Fọ́tò gbọ́dọ̀ jẹ́ 300 dpi (dọ́ọ̀tì 300 nínú ínǹṣì kan) ní ìwọ̀n yẹn, ìyẹn nǹkan bíi píksẹ́lì 2,550 ní ìbú àti 3,580 ní gíga. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lásán ti fún pọ̀; ẹ fi ránṣẹ́ bíi document, tàbí kí ẹ gbé e wá nínú fláàṣì.

Àwọ̀ CMYK, ìyẹn yíǹkì mẹ́rin tí a ń pò pọ̀, ni a ń tẹ̀. Búlúù tó ń tàn lórí fóònù yín á wá rẹ̀wẹ̀sì lórí bébà, àwọ̀ ewé bẹ́ẹ̀. Gbogbo onífújì ló fẹ́ góòlù. Kò sí góòlù nínú CMYK o! Ohun tí ẹ máa rí ni àwọ̀ músítáàdì tó ti gbẹ. Bí góòlù bá jẹ yín lógún, ẹ sanwó fún foil, ọ̀rá góòlù tí à ń tẹ̀ mọ́ bébà, lórí orúkọ ìwé nìkan, tàbí kí ẹ gbàgbé rẹ̀.

Èèpo: bébà 250 gíráàmù, kí a sì fi ọ̀rá bò ó, pàápàá bí ẹ̀yìn fọ́tò bá dúdú, nítorí àmì ìka ọwọ́ àwọn òǹkàwé ọ̀fẹ́ yẹn á hàn lára rẹ̀. Ẹ tún sọ fún mi bóyá 32 yẹn ti ka èèpo mọ́ ọn. Pín-ìn-nì àárín la máa fi dè é, mẹ́rin-mẹ́rin ni ojú ìwé sì ń lọ.

ỌmọMápó
Èèpo ò sí nínú 32. Báákóòdù ńkọ́? Alága ní láìsí báákóòdù kò jọ ìwé gidi.

Ṣómólú_Press_Boy
Fẹ́ńdọ̀ Dùgbẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tó ń ka báákóòdù. Ilé ìtajà ńlá ló nílò rẹ̀. Ẹ lọ gba ISSN, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé ìròyìn mọ̀, lọ́dọ̀ National Library of Nigeria. Báákóòdù tó bá ti inú rẹ̀ jáde máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 977. Igun ìsàlẹ̀ ni kó wà, dúdú lórí funfun. Má ṣe jẹ́ kí dìsáínà fi pupa yà á, ìmọ́lẹ̀ pupa ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ fi ń kà á, ìlà pupa ò ní hàn sí i. Má fún un kéré ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lọ.

Àǹtí_Peckham
Ọ̀rọ̀ àkọlé ló kù. “Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pẹ̀lú Lágbájá” kì í ta ìwé. Ẹ mú gbólóhùn kan tí olórin náà sọ gan-an, tó máa jẹ́ kéèyàn béèrè pé “kí ló dé?”, ẹ fi sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Kí orúkọ rẹ̀ tóbi ju gbólóhùn yẹn lọ. Ẹ má purọ́ mọ́ ọn o, ẹni tó bá ra ìwé lẹ́ẹ̀kan tí kò rí ohun tí ẹ ṣèlérí kò ní rà á mọ́.

ỌmọMápó
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ohun tí a fẹnu kò sí lálẹ́ àná: olórin kan ṣoṣo, láti àyà sókè, àwọ̀ aró lẹ́yìn rẹ̀. FÚJÌ látòpin dé òpin. Ìlà kan lókè pẹ̀lú orúkọ olórin mẹ́fà yòókù, fọ́tò mẹ́ta nínú wọn. Àkọlé mẹ́rin. Nọ́ńbà fóònù ti lọ sínú, lógò àwọn tó fún wa lówó ti lọ sí èèpo ẹ̀yìn. Alága ti gbà láti wà lójú ìwé 3, àmọ́ ó ní odindi ojú ìwé lòun fẹ́.

Bàbá_Corel
Ẹ fún un. Ó sàn ju róbótó iwájú ìwé yẹn lọ.

Ṣómólú_Press_Boy
Kí ẹ tó ní kí a máa tẹ̀, ẹ gba ẹyọ kan tí a fi bébà èèpo gan-an tẹ̀ jáde. Ẹ má wò ó lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù wa, ẹ gbé e bọ́ síta, kí ẹ wo awọ olórin yẹn lójú oòrùn. Bó bá pupa jù, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan kọ orúkọ rẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn ẹyọ yẹn, kí ó sì wà lọ́wọ́ yín títí a ó fi kó iyókù fún yín.